Bí Ọ̀mọ̀wé Ajíbádé Ṣe Gbáradì De Ìparun Ìlú

Ọkùnrin kan wà ní Adó-Èkìtì tí ìparun ìlú kò lè bá lójijì. Ajíbádé ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá pè é bẹ́ẹ̀ láìfi Ọ̀mọ̀wé ṣáájú yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì rẹ̀ títí ẹsẹ̀ yóò fi máa ro ó. Ilé ẹ̀kọ́ tó fún un ní oyè náà wà lórí ẹ̀rọ ayélujára nígbà tó ń gba oyè. Nígbà tí àwọn ènìyàn wá a lọ síbẹ̀ lẹ́yìn náà, wọn kò rí i mọ́. Ajíbádé ní wọ́n ti kó lọ síbi tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ, a sì gbà á gbọ́. Ẹ má dá a lẹ́bi nìkan. Àwa tí à ń pè é ní Ọ̀mọ̀wé láàárọ̀ lálẹ́, ta ló fi ọ̀pá lé wa nídìí?

Òun ni ọ̀gá ẹ̀ka tó ń bójú tó gọ́tà ní ìjọba agbègbè kan nínú ìlú náà. N kò ní dárúkọ agbègbè ọ̀hún, nítorí mo ṣì fẹ́ máa gba ibẹ̀ kọjá. Gọ́tà kò tó Ajíbádé. Ó gbà pé Ọlọ́run kò dá irú orí tí òun ní yìí kí ó máa ronú nípa ẹrẹ̀.

Ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́dún kan tí epo bẹntiróòlù wọ́n bí ojú, tí iná ọba lọ tí kò padà, tí àwọn ọ̀dọ́ sì ń fi ẹ̀hónú hàn káàkiri orílẹ̀-èdè. Ajíbádé jókòó sí pálọ̀ rẹ̀ ní Òkè-Ìlá, ó ń wo fídíò lórí fóònù. Òyìnbó kan tó ní irùngbọ̀n gígùn ń sọ̀rọ̀ láti inú igbó. Ó ní ọjọ́ ń bọ̀ tí kò ní sí iná, tí bánkì kò ní lówó lọ́wọ́, tí ènìyàn yóò pe ọlọ́pàá tí wọn kò ní wá. Ẹlòmíràn ì bá wò yíká, kó sọ pé bí ohun tí ìlú tó parun ń jẹ́ nìyí, ó ti pẹ́ tí a ti ń gbé inú rẹ̀. Àmọ́ Ajíbádé fò dìde. Ó ní ọ̀la ni òyìnbó náà ń sọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó lọ bá Ọnọrébù Dàmọ́lá, alága agbègbè náà. Ọnọrébù jẹ́ ọkùnrin sísanra tó lójú àánú, ó ní àtọ̀gbẹ, ó sì fẹ́ràn gírámà ju oúnjẹ tí dókítà kà léèwọ̀ fún un lọ. Ajíbádé bá a sọ̀rọ̀ títí ọ̀sán fi pọ́n. Ó ní nígbà tí gbogbo ètò ayé bá dojú rú, tí ìjọba àpapọ̀ bá di ìtàn, agbègbè kan ṣoṣo ni yóò dúró, agbègbè Ọnọrébù Dàmọ́lá, gbogbo ayé yóò sì máa wá wò ó. Ọnọrébù bi í bóyá ère náà yóò dùn ún wò. Ajíbádé kò mẹ́nu ba ère, ṣùgbọ́n ó ní yóò dùn ún wò. Kí wọ́n tó dìde, ó ti di Alága Ìgbìmọ̀ Gbogboogbò fún Ìgbáradì De Ìparun.

Ìpàdé ìgbìmọ̀ náà ní ètò tirẹ̀. Bí Ajíbádé bá wọlé, gbogbo ènìyàn á dìde, Fúnkẹ́mi akọ̀wé á sì kì í. Òun ni Ọ̀mọ̀wé tó rí ọ̀la kí ọ̀la tó rí ara rẹ̀. Òun ni odi tí kò ní ihò, àti fìtílà tí kò bèèrè epo. Fúnkẹ́mi ti ṣàkíyèsí pé bí oríkì náà bá ṣe gùn tó ni ìpàdé ń kúrú tó, nítorí ojú Ajíbádé á tutù, á sì gbàgbé ohun tó fẹ́ báni jà lé lórí. Nítorí náà, ó ń fi kún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ó sì ń tètè délé lọ se ọbẹ̀.

Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ yan ohun ìjà ni gbogbo wọn pé jọ. Ọkùnrin kan dábàá àdá. Ó ní gbogbo ilé ló ní in, ó ń gé igi, ó ń ṣán koríko, bí ó bá sì di dandan, ó ń ṣe iṣẹ́ mìíràn. Ẹnì kan fi gàrí, iyọ̀, ìṣáná àti kẹ́ẹ̀gì omi kún un. Ajíbádé bọ awò ojú rẹ̀, ó fi aṣọ nù ún pẹ̀lú ìbànújẹ́.

Ó ní, “Ẹ̀yin ènìyàn mi, àdá ni ẹ fi ń ro oko. Ṣé ẹ fẹ́ kí ọ̀tá bá wa bí ẹni tó ń lọ gbin ẹ̀gẹ́ ni? Ohun ìjà gbọ́dọ̀ níyì. Kí ọ̀tá rí i lókèèrè, kí ojú ara rẹ̀ tì í.”

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ẹni tó dábàá àdá ló pàtẹ́wọ́ jù. Ó ní òun kàn dárúkọ àdá kí Ọ̀mọ̀wé lè rí nǹkan bẹnu àtẹ́ lù ni. Gàrí náà kò yè é. Ajíbádé ní oúnjẹ àwọn tí kò gbáradì ni, àti pé inú agolo ni ọ̀làjú ń gbé. Ní ti omi, ó ní ta ni òùngbẹ ti pa rí ní Èkìtì tí òjò ti ń rọ̀ báyìí?

Ó wá kó ohun tó wù ú wọlé. Ó ra idà tí wọ́n gbẹ́ orí kìnnìún sí lókè èèkù rẹ̀, tó ń kọ mànà lójú oòrùn. Wọ́n ti fi irú mìíràn hàn án tó mú ju ìyẹn lọ, ṣùgbọ́n kò ní kìnnìún. Ó ra akoto irin, ó ra ìbòjú tí wọ́n fi ń dènà èéfín olóró, ó sì ra fèrè ìkìlọ̀ ńlá kan tó ń ké bí ẹni tí wọ́n ń yọ léyín. Ó ra ọrun ìgbàlódé kan tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ kí wọ́n tó lè fà á. Ọrun yìí ló gbé lọ sẹ́yìnkùlé rẹ̀ láti dán wò. Ọfà fò kọjá ògiri, ó sì bá tánkì omi aládùúgbò rẹ̀, ó lù ú já. Omi àdúgbò ṣàn lọ sí gọ́tà. Ajíbádé kọ ìròyìn rẹ̀ pé ìdánwò náà yọrí sí rere.

Oúnjẹ inú agolo náà dé láti òkè òkun, ó pọ̀ bí òkè. Èdè tí wọ́n kọ sára rẹ̀ kò yé ẹnikẹ́ni nínú ìgbìmọ̀, ṣùgbọ́n àwòrán ajá kan tó ń rẹ́rìn-ín wà níwájú rẹ̀. Ẹnì kan bèèrè ìdí tí ajá fi wà níbẹ̀. Ajíbádé ní àmì ilé iṣẹ́ wọn ni. Ó ní àwòrán ọmọ ọwọ́ wà lára agolo mílíìkì, ta ló wá bá ọmọ nínú rẹ̀ rí? Ọ̀rọ̀ náà gún régé, wọ́n tún pàtẹ́wọ́.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kì í pàtẹ́wọ́. Sẹ̀gilọlá ni, ìyàwó rẹ̀, igbákejì ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní ìlú náà. Ó ń sàmì sí ìwé àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ọkọ rẹ̀ sì ń fi aṣọ àlàbora nu idà níwájú rẹ̀.

Ó bi í pé, “Bàbá Oore, ta lẹ fẹ́ gún?”

Ajíbádé ní àwọn tí yóò wá gba oúnjẹ àwọn ni.

“Ta ló mọ̀ pé a ní oúnjẹ, bí kò ṣe àwọn ará Òkè-Ìlá tí a jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì? Màmá tí ẹ lu tánkì rẹ̀ yẹn ńkọ́, ṣé òun lẹ máa kọ́kọ́ gún?”

Ajíbádé ní obìnrin kì í lóye ọ̀rọ̀ ààbò. Ó gbé idà rẹ̀, ó lọ jókòó sí bárándà, ó ń nu ibi tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

Wọ́n tún yàrá ìkẹ́rù àtijọ́ kan ṣe nítòsí ọjà Fájuyì. Wọ́n kó gbogbo nǹkan náà síbẹ̀, wọ́n sì fi ilẹ̀kùn irin sí i, irú èyí tó jẹ́ pé bó bá ti pa dé, àfi kọ́kọ́rọ́ ló lè ṣí i, ìbáà ṣe nínú ìbáà ṣe níta. Alágbẹ̀dẹ fẹ́ fún wọn ní kọ́kọ́rọ́ méjì. Ajíbádé kọ̀. Ó ní kọ́kọ́rọ́ kejì ni ọ̀tá máa ń lò. Ọ̀kan ṣoṣo náà sì wà lọ́wọ́ òun.

Ọjọ́ ìdánrawò pé. Wọ́n ta tapólì, ẹgbẹ́ akọrin dé, oníròyìn kan sì gbé kámẹ́rà wá. Ajíbádé ti fúnra rẹ̀ ka ìkéde lórí rédíò kí ẹ̀rù má baà ba àwọn ènìyàn nígbà tí wọ́n bá gbọ́ fèrè. Ìkéde tó dára gan-an ni. Gbogbo ìlú gbọ́ ọ, wọ́n ní Ọ̀mọ̀wé gbọ́ èdè òyìnbó o, wọ́n sì bá iṣẹ́ wọn lọ. Kò sí ẹni tó mọ ohun tó sọ.

Ètò náà kò le. Fèrè yóò dún, àwọn ènìyàn pàtàkì yóò sá wọ inú yàrá, ilẹ̀kùn yóò pa dé. Lẹ́yìn náà ni Ajíbádé yóò ṣí i láti inú, yóò jáde pẹ̀lú idà lókè, akọrin yóò sì dá orin. Kó lè yẹ ẹ́, ó bọ́ agbádá rẹ̀ fún Jùwọ́n awakọ̀, ó sì wọ ẹ̀wù dúdú kan tí àpò pọ̀ lára rẹ̀ bí ihò ara afárá oyin. Ó dé akoto. Ó sọ̀rọ̀ títí àwọn àgbà fi bẹ̀rẹ̀ sí tòògbé. Ó ní kí ẹ̀rù má ba ẹnikẹ́ni, níwọ̀n ìgbà tí òun bá wà láàyè, ìdàrúdàpọ̀ kò ní wọ ìlú náà.

Fèrè dún.

Ọnọrébù Dàmọ́lá, Fúnkẹ́mi àti àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ mélòó kan tẹ̀ lé Ajíbádé wọlé. Ilẹ̀kùn pa dé. Níta, àwọn tó wà lábẹ́ tapólì mọ̀ pé eré ni. Àwọn ọlọ́jà Fájuyì kò mọ̀. Ìyá kan tó ń ta tòmátì gbé igbá rẹ̀ sórí, ó sáré. Àwọn tó kù rí i pé ó ń sá, wọ́n sá. Àwọn ọlọ́kadà fọ́n bí eéṣú. Àwọn òbí sáré lọ kó ọmọ ní ilé ìwé, àwọn onímọ́tò sáré lọ tò sí ilé epo. Ẹnì kan ní wọ́n ti ń bọ̀. Kò sẹ́ni tó bèèrè àwọn wo. Nígbà tí àwọn tó wà lábẹ́ tapólì rí i pé gbogbo ọjà ń sá, wọ́n rò ó pé bóyá nǹkan gidi ló wá ṣẹlẹ̀ lásìkò kan náà, àwọn náà sì sá. Akọrin sá, ẹni tó tan fèrè sá láìpa á, Jùwọ́n sì wa mọ́tò lọ pẹ̀lú agbádá lẹ́yìn. Ẹ má rẹ́rìn-ín jù. Èmi náà ra ṣúgà tó pọ̀ lọ́jọ́ yẹn, títí di òní ni mò ń lò ó.

Nínú yàrá, Ajíbádé gbé idà sókè, ó ti ọwọ́ bọ àpò. Ó ti ọwọ́ bọ òmíràn. Àpò ẹ̀wù náà pọ̀, ó yẹ̀ wọ́n wò láti orí àyà dé orúnkún, kò sì sí nǹkan kan nínú èyíkéyìí. Ọnọrébù bi í bóyá apá kan ètò ni.

Ajíbádé rọra ní, “Kọ́kọ́rọ́ wà nínú agbádá mi.”

“Agbádá ńkọ́?”

“Ó wà nínú mọ́tò.”

Wọ́n gbá ilẹ̀kùn. Fèrè ń ké níta, kò sí ẹni tó lè gbọ́ wọn, kò tiẹ̀ sí ènìyàn mọ́. Ògiri náà nípọn, fóònù kankan kò lè pe ẹnikẹ́ni. Ooru mú. Òùngbẹ gbẹ Fúnkẹ́mi, ó bèèrè omi, gbogbo ojú yí sí Ajíbádé, Ajíbádé sì wo ilẹ̀. Láìpẹ́ Ọnọrébù jókòó sílẹ̀, òógùn bò ó, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó ti gba abẹ́rẹ́ àtọ̀gbẹ rẹ̀ láàárọ̀, kò sì jẹun, nítorí ó fẹ́ fi àyè sílẹ̀ fún jíjẹ mímu tí wọ́n ṣètò lẹ́yìn ìdánrawò. Ṣúgà ara rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ jù, ohùn rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí lọ́. Ó pe Fúnkẹ́mi ní orúkọ ìyá rẹ̀ tó ti kú.

Ẹ̀rín tán nínú yàrá náà. Fúnkẹ́mi tú báàgì rẹ̀ dànù sílẹ̀, ó rí súwíìtì díẹ̀, ó ń fi wọ́n sí i lẹ́nu lọ́kọ̀ọ̀kan. Ajíbádé gbá agolo kan mú. Kò sí ohun ìṣíde. Ó fi idà gún un, idà tẹ̀ bí ìwọ̀, orí kìnnìún sì ṣí bọ́. Ẹnì kan mú ọrun ìgbàlódé wá, Ọnọrébù rí i láti ibi tó sùn sí, ó fi ọwọ́ bẹ̀ wọ́n. Níkẹyìn, Ajíbádé ń la agolo mọ́ igun ilẹ̀kùn irin, ó ń là á, ó ń là á, ọwọ́ rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀, títí agolo fi ya. Ọnọrébù fi ìka wa á jẹ. Ó tún wa á jẹ. Àwọ̀ ojú rẹ̀ padà wá, ó ní òun kò tíì jẹ irú rẹ̀ rí, wọ́n mọ ẹran sè níbẹ̀.

Ajíbádé bọ́ akoto, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín àwọn agolo. Gbogbo ohun ìjà tó rà láti fi lé ènìyàn sẹ́yìn wà níbẹ̀. Ohun tó sì ń fẹ́ kò ju kí ènìyàn wá, ẹnikẹ́ni, ìbáà ṣe olè. Bó bá ṣí ilẹ̀kùn, òun á dì mọ́ ọn. Láti ìgbà tó ti di Ọ̀mọ̀wé ni kò ti sọ èdè Èkìtì ní gbangba, ṣùgbọ́n bó ṣe jókòó yẹn, òun ló jáde lẹ́nu rẹ̀. Ó ní, “Mo fẹ́ re ulé.” Kò sí ẹni tó kì í.

Jùwọ́n ti dé Òkè-Ìlá lásìkò náà. Ó sọ fún Sẹ̀gilọlá pé ogun ti bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n kó má bẹ̀rù, ọ̀gá wà nínú yàrá irin. Sẹ̀gilọlá rí agbádá lẹ́yìn mọ́tò, ó ní kó gbé e wá. Ó fọwọ́ tẹ àpò rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ ló bá níbẹ̀. Jùwọ́n kọ̀ láti padà. Ọlọ́kadà tó dá dúró náà ní òun kò lọ sí Fájuyì, ibi tí gbogbo ènìyàn ti ń sá bọ̀. Sẹ̀gilọlá wò ó, ó rí i pé òun ti kọ́ ọ ní ìwé rí, ó sì wò ó bó ṣe ń wo àwọn tí kò ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Ó gbé e.

Wọ́n lọ lòdì sí gbogbo ìlú. Sẹ̀gilọlá kò rí ọ̀tá kankan lọ́nà, àfi bàtà tó bọ́ lẹ́sẹ̀ ènìyàn àti tòmátì tó fọ́. Ó pa fèrè. Ó ṣí ilẹ̀kùn. Ajíbádé na ọwọ́ sí i láti ibi tó jókòó sí. Sẹ̀gilọlá wo ọwọ́ rẹ̀ tó ń ṣẹ̀jẹ̀, ó tú gèlè orí rẹ̀, ó wé e mọ́ ọn.

Bóyá ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ì bá parí sí, nítorí ọkùnrin aláàánú ni Ọnọrébù. Ó jáde sí oòrùn, ara rẹ̀ ti yá, ó rí oníròyìn tó ti fara pamọ́, tó ń yọjú lábẹ́ tábìlì, ó sì rántí pé òun jẹ́ olóṣèlú. Ó gbé agolo náà sókè. Ó ní ẹ wo ohun tó gba ẹ̀mí òun là, iṣẹ́ ọwọ́ Ọ̀mọ̀wé Ajíbádé. Bó ṣe gbé e sókè ni ẹ̀yìn agolo yí sí kámẹ́rà. Sẹ̀gilọlá ló kọ́kọ́ rí i. Àwòrán mìíràn wà níbẹ̀ tí ẹnì kankan nínú ìgbìmọ̀ kò yí agolo padà wò. Abọ́ kan wà nílẹ̀, wọ́n ń da oúnjẹ inú agolo sí i, ajá kan sì tẹ orí bọ̀ ọ́.

Ó ní, “Ọnọrébù, ẹ jọ̀wọ́ ẹ sọ agolo yẹn kalẹ̀.”

Ọnọrébù ní rárá, kí gbogbo ayé rí i. Oníròyìn tẹ kámẹ́rà rẹ̀.

Gbogbo ayé rí i. Kó tó di ọjọ́ kejì, àwòrán náà ti dé orí fóònù gbogbo ẹni tó ní fóònù láti Adó dé Ìkéré. Ọnọrébù dárí jì í fún ilẹ̀kùn tó há, ó dárí jì í fún omi tí kò sí. Ṣùgbọ́n nígbà tó wọ ìpàdé tí ẹnì kan gbó bí ajá lẹ́yìn, ó pe Ajíbádé. Wọ́n tú ìgbìmọ̀ ká. Wọ́n gba gọ́tà lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú, wọ́n gbé e lọ sí ẹ̀ka tó ń bójú tó ibi ìsìnkú, níbi tí kò ti sí ẹni tó lè fi ṣe ìdánrawò. Àwọn ọmọdé ń pè é ní Ọ̀gágun Agolo. Àwọn tó ń kì í tẹ́lẹ̀ kì í fẹ́ kí ojú wọn ṣe mẹ́rin pẹ̀lú tirẹ̀, bí ẹni pé àwa kọ́ la pàtẹ́wọ́.

Ìtìjú bò ó. Kì í lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, kì í jókòó sí bárándà. Sẹ̀gilọlá kò fi ṣe ẹlẹ́yà lẹ́ẹ̀kan rí. Àfi lọ́jọ́ kan tí wọ́n ń jẹun, tí ó gbé àwo ẹran sí i níwájú, tí ojú àwọn méjèèjì pàdé. Sẹ̀gilọlá bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń mì. Ajíbádé bínú, ó kọ́kọ́ fajú ro. Lẹ́yìn náà ni nǹkan kan já nínú òun náà, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ló ti ń sọ ọ́ fúnra rẹ̀, ní ilé onígbàjámọ̀, lẹ́yìn ìsìn, níbikíbi tí wọ́n bá ti fún un láàyè. Ó máa ń fi ìdúró rẹ̀ hàn, pẹ̀lú bó ṣe ń yẹ àpò wò. Kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n sọ tó o. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ.

Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ìjì líle kan jà, ó wó òpó iná Òkè-Ìlá. Ẹ̀rọ tó ń fa omi dákẹ́, àdúgbò sì pé lẹ́bàá kànga àtijọ́ kan pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì àti bókẹ́ẹ̀tì. Kò pẹ́ tí ariwo fi sọ. Wọ́n ń ti ara wọn, ìyá àgbàlagbà kan fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú. Ajíbádé dé pẹ̀lú bókẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ lọ́wọ́. Ọ̀dọ́kùnrin kan rí i, ó kígbe láti àárín èrò pé Ọ̀gágun dé, kí Ọ̀gágun gbà wọ́n.

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ajíbádé gbé bókẹ́ẹ̀tì rẹ̀ dé orí bí akoto, ó na apá, ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ ogun mi, ẹ tò. Àgbà síwájú.”

Wọ́n ṣì ń rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n tò. Ó sì lọ dúró sí ìparí ìlà.